Ọmọ Tí A Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù: Ṣé Ẹ̀tọ́ Ni Tàbí Báárà?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ ń ka ìwé yìí lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí mínbárì. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ kò rí bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, àti ọ̀rọ̀ ìwé tí òbí rẹ̀ ń kọ sí ìjọba kí ìjọba lè ràn án lọ́wọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí lọ béèrè irú owó bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ọmọ rẹ̀? Èkejì, bí ó bá tọ́, báwo ni ó ṣe gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà? Ẹ̀kẹta, bí owó bá dé, ta ni ó ni ín?

À bá má tilẹ̀ kọ nípa rẹ̀, bí kì í bá ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá, tí àwa fúnra wa sì ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní kéwú kò gbọ́dọ̀ tijú láti sọ ibi tí òun gbé ka ọ̀rọ̀ náà lódì.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ní Ayétòrò níbí, nínú ilé-kéwú wa, ọmọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà náà. Ibà pọ́njú mú un ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí i. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé-ìwòsàn, ó ti pẹ́. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti le, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì gbọ́ tirẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ní láti fara balẹ̀ kí ó tó gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n súúrà tí ọmọ yìí ti há sórí pọ̀ ju ti àwọn kan tí wọ́n ń sáré kiri ọgbà lọ. Ìyá rẹ̀ ni ó ń pọ̀n ọ́n wá láràárọ̀, títí ọmọ fi tóbi ju ẹ̀yìn ìyá lọ. Gàrí ni ìyá náà ń tà.

Ní ọjọ́ kan, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ọ́fíìsì kan ń gba orúkọ àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara sílẹ̀ fún owó ìrànwọ́ àti kẹ̀kẹ́ ìjókòó. Ìyá yìí gba fọ́ọ̀mù, ó sì mú un tọ̀ wá wá nítorí pé èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní, “Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́.” A jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò, ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí ẹní.

A kọ orúkọ, a kọ ọjọ́ orí, a kọ àdúgbò. Lẹ́yìn náà ni a kan ìbéèrè tí ó ní: kí ni ọmọ yìí kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀? Ẹnìkan tí ó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì náà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé, “Ẹ kọ ọ́ pé kò lè ṣe nǹkan kan rárá. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé ọmọ òun ń gbìyànjú, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń tì í sí.” Bẹ́ẹ̀ ni a mú kálàmù, a kọ ọ́ pé kò lè rìn rárá, kò lè jẹun fúnra rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, kò sì mọ ohun tí ó ń lọ ní àyíká rẹ̀. A wá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ìyá rẹ̀.

Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Àfáà, ó ń rìn o. Bó bá di ògiri mú, ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àmù.” A dá a lóhùn pé kí ó fi ìyẹn sílẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ìgbà náà ni ọmọ náà gbé orí sókè, ó sì fi ohùn rẹ̀ tí ó máa ń fà béèrè pé, “Àfáà, ṣé kí n má rìn mọ́ ni?”

A kò rí èsì fọ̀. A ká fọ́ọ̀mù náà kò, a fi í sínú àpò, a ní kí ìyá padà wá lọ́la.

Àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ Yewa mọ ohun tí ẹnubodè jẹ́. A ti rí oníṣòwò ní Ìdí-Ìrókò tí ó fi ọjà tí ó níyelórí pamọ́ sábẹ́ àpò ìrẹsì, tí ó fi èyí tí kò tó nǹkan han àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. A máa ń wàásù lòdì sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àwa ni a ṣe fàyàwọ́ ọmọ. Gbogbo ohun tí ó níyelórí lára rẹ̀ ni a dì pamọ́, tí a fi àbùkù nìkan han ìjọba, ọmọ tí a sì ń dì bẹ́ẹ̀ jókòó, ó ń gbọ́ wa.

ṢÉ BÁÁRÀ NI?

Kí a tó dé orí irọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí a dá bàbá ọmọ náà lóhùn. Òdì kejì ẹnubodè, lápá Kétu, ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó gbọ́ nípa fọ́ọ̀mù náà, ó ránṣẹ́ sílé pé, “Ìdílé wa kò ṣe báárà rí. A kò níí ti orí ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwúwo, nítorí pé Ànábì wa kọ́ wa láti má máa na ọwọ́ sí ọmọ aráyé, ó sì yin ọwọ́ tí ń fúnni ju ọwọ́ tí ń gbà lọ. Ẹni tí ó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òmùgọ̀, iyì ni ó ń dáàbò bò.

Àmọ́, kì í ṣe gbogbo gbígbà ni báárà. Ẹni tí ó lọ gba ìpín rẹ̀ nínú ogún bàbá rẹ̀, ta ni yóò pè é ní alágbe? Báárà ni kí ènìyàn béèrè ohun tí kò ní ìpín nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Owó tí a kó jọ láti ọwọ́ gbogbo ará ìlú, tí òfin sì yọ apá kan nínú rẹ̀ fún aláìlera, ìpín ni. Ìyá tí à ń sọ yìí ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà ní ọjọọjọ́ ọjà. Ohun tí ó bá kán padà sórí ọmọ rẹ̀, apá kan òógùn tirẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó ṣáájú wa nínú ẹ̀sìn ṣe rí i. Nígbà tí Umar ọmọ Khattab jẹ́ olórí àwọn onígbàgbọ́ láti ọdún 634 sí 644, ó ní ìwé ìkọ̀rúkọ tí wọ́n fi ń pín owó láti inú àpò ìlú, àwọn ọmọdé sì ní ìpín níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pe ìyá tí ó lọ gba ìpín ọmọ rẹ̀ ní oníbáárà. Nígbà tí al-Walid ọmọ Abdul-Malik wà lórí oyè láti ọdún 705 sí 715, at-Tabari òpìtàn ròyìn pé ó ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn adẹ́tẹ̀ kí wọ́n má baà máa tọrọ kiri, ó sì fún arọ ní ìránṣẹ́, ó fún afọ́jú ní ẹni tí yóò máa mú un lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí i: ìdí tí ó fi fún wọn ni kí wọ́n má baà ṣe báárà mọ́. Owó ìlú ni ó pa báárà, kì í ṣe òun ni ó bí i.

Ní Nàìjíríà tiwa, ilé aṣòfin ṣe Òfin tí ó ka fífi ojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Òfin náà ni ó dá àjọ àpapọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara sílẹ̀. Ó fún ọmọ aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé girama, ó fi àyè sílẹ̀ fún ìwé-ẹ̀rí tí dókítà yóò jẹ́rìí sí, ó sì fún àwọn ilé ìjọba àti ilé gbogboogbò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà pé ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Ṣáájú èyí, ìpínlẹ̀ Jigawa ti ṣe òfin ní 2007 láti máa san ₦7,000 lóṣooṣù fún àwọn aláàbọ̀ ara kan, Èkó náà sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà, owó kan wà láti 1992 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 tí ìtọ́jú rẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Gúúsù Áfíríkà náà ní owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí ń tọ́jú ọmọ tí àbùkù ara rẹ̀ le.

Nítorí náà, èsì wa fún bàbá ọmọ náà ni pé: ẹ̀tọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ tìrẹ nìkan, o lè yọ̀ǹda rẹ̀, kí o sì gba ẹ̀san níwájú Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọmọ ni èyí. Ta ni ó fún wa láṣẹ láti fi ìpín ọmọ ra iyì fún ara wa?

ṢÉ KÁDÀRÁ KỌ́?

Ìyá àgbà inú ilé náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ó ní ohun tí a bá fi ẹnu pè ni ó ń jẹ́ni, pé bí a bá kọ àìsàn ọmọ sínú ìwé ìjọba, a ti fi èdìdì dì í nìyẹn. Ó ní kí a fi ti Ọlọ́hun ṣe.

A kì í bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n a lè bá a rò ó. Ẹni tí ó gbé ara lé Ọlọ́hun kò ní kí ràkúnmí rẹ̀ máa lọ láìso. Ànábì kọ́ wa pé kí a so ó, kí a sì gbára lé E. Fọ́ọ̀mù kò dá àrùn sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí káàdì ilé-ìwòsàn kò ṣe dá ibà sílẹ̀. Ànábì Ayyub dárúkọ ìnira rẹ̀ fún Olúwa rẹ̀, a kò sì kà á sí aláìnígbàgbọ́. Ohun tí ó ń di àìsàn lé ọmọ lórí ní tòótọ́ ni ìfarapamọ́. Ọmọ tí a há mọ́ yàrá ẹ̀yìn nígbà tí àlejò bá dé, tí a kò mú lọ ilé-ìwé, tí a kò mú dé mọ́ṣáláṣí, ìwé wo ni ó tún fẹ́ dè é ju ìyẹn lọ?

Ẹ rántí Abdullah ọmọ Ummu Maktum, afọ́jú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló fà á tí Súrátù Abasa fi sọ̀kalẹ̀, tí Ọlọ́hun bá Ànábì Rẹ̀ wí nítorí pé ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ànábì kò fi í pamọ́ lẹ́yìn èyí. Ó sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tí ń pe ìrun, ó sì fi í ṣe adelé ní Mẹ̀dínà nígbà tí òun bá rìnrìn-àjò. Ẹ rí i pé ẹ̀sìn wa kò sọ pé ọkùnrin náà ríran. Wọ́n gbà pé kò ríran, wọ́n sì gbà pé ó wúlò. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó jẹ́ òótọ́.

ÒÓTỌ́, IRỌ́, ÀTI ÀÌNÍ

Èyí ni ó mú wa dé ibi tí ó ká wa lára jù. Àwọn kan yóò sọ pé irọ́ tí a fi gba ẹ̀tọ́ kì í ṣe irọ́. Wọ́n á ní ìjọba ni ó fipá mú wa, àti pé ọ̀ràn dandan máa ń sọ haráàmù di hàláàlì. Ohun tí àwa náà ń sọ fún ọkàn wa lábẹ́ igi máńgòrò nìyẹn.

Lóòótọ́, Àlùkùráánì gba ẹni tí ebi fẹ́ pa kú láàyè láti jẹ òkú ẹran, ó wà nínú Súrátù Bákárà, ẹsẹ 173. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ hàláàlì wà níwájú rẹ̀ tí kò tíì tọ́ ọ wò, kò lè sọ pé dandan ni ó dé bá òun. Àwa kò tíì kọ òótọ́ wò kí a tó sáré mú irọ́. Ẹ sì wo òótọ́ ọmọ yìí. Ọmọ ọdún 9 ni, ìyá rẹ̀ ni ó ń wẹ̀ ẹ́, òun ni ó ń wọṣọ fún un, òun ni ó ń gé ẹran fún un kí ó má baà há a lọ́fun. Lóru, ìyá a jí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láti yí i padà nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń fà. Ó ń rìn bí ó bá di ògiri mú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò ṣubú. Ìyá kò lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ná Ọjà-Ọ̀dàn mọ́ nítorí pé kò rí ẹni tí yóò fi í tì. Ta ni yóò gbọ́ gbogbo èyí, tí yóò ní kò tó?

Ohun tí a kò kọ sílẹ̀ nìyẹn. A sáré kọ “kò lè ṣe nǹkan kan”, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò sọ nǹkan kan, a sì fi iṣẹ́ ìyá yẹn sílẹ̀ láìkọ. Irọ́ wa tilẹ̀ kéré sí òótọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó yé wa lẹ́yìn náà ni pé fọ́ọ̀mù kò béèrè iye tí ọmọ jẹ́. Àìní rẹ̀ ni ó béèrè. Iye ọmọ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kò sí ọ́fíìsì tí ó lè kọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ ọ́ pé “ọmọ mi kò lè wẹ̀ fúnra rẹ̀” kò bú ọmọ rẹ̀, kò sì tú àṣírí rẹ̀. Ìbéèrè ni ó dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ pé ọmọ tí ń rìn kò rìn, irọ́ ni ó pa, bí ìjọba tilẹ̀ burú.

Apá kejì tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Òbí a máa fi ìfẹ́ gbàgbé ìnira. Ìyá tí ó ti ń jí lóru fún ọdún 9 kò kà á sí iṣẹ́ mọ́. Bí o bá bi í léèrè, yóò ní, “A ń ṣe é, a dúpẹ́.” Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí wọ́n ń ran òbí lọ́wọ́ láti kọ irú fọ́ọ̀mù yìí máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe kọ nípa ọjọ́ tí ó dára nìkan, kí wọ́n kọ nípa ọjọ́ tí ó burú àti òru tí ó burú pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi ọmọ náà wé ọmọ mìíràn tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Èyí kì í ṣe irọ́. Ẹni tí ó bá bu òótọ́ kù nítorí ìtìjú ti ṣi òṣùwọ̀n lò, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi kún un nítorí owó.

Kí ni irọ́ náà yóò bà jẹ́? Ó kọ́kọ́ ba ọmọ ẹlòmíràn jẹ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ 10, tí àwọn ọmọ tí ó nílò rẹ̀ jẹ́ 100, ẹni tí irọ́ rẹ̀ dùn jù ni yóò gbà á, ọmọ tí kò lè jókòó rárá ní abúlé kan lọ́nà Ìmẹ̀kọ yóò wà nílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó ń ba àwọn olóòótọ́ jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san irú owó yìí ní 1974. Ní 1990, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ dá ẹjọ́ kan tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ sí i lè rí i gbà. Kò pẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àwọn òbí ń kọ́ ọmọ láti díbọ́n. Àwọn olùwádìí ìjọba fúnra wọn kò rí ẹ̀rí tí ó tó nǹkan pé ó gbilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní 1996, wọ́n mú òfin le, ọ̀pọ̀ ọmọ sì pàdánù owó wọn. Bí ìfura lásán bá lè ṣe èyí, kí ni irọ́ tòótọ́ yóò ṣe?

Èyí tí ó dùn wá jù ni ohun tí irọ́ ń ṣe sí ọmọ náà gan-an. Ilé tí ó ń jẹun lórí “kò lè rìn rárá” yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọjọ́ tí ọmọ yóò rìn. Ìbéèrè tí ọmọ yẹn bi wá kì í ṣe ti ọmọdé. Ó ti rí i pé ìgbésẹ̀ mẹ́wàá tí òun fi òógùn rìn dé ìdí àmù ti di ohun tí ó ń dí owó lọ́wọ́.

Ẹ̀bi náà kò sì wà lọ́rùn òbí nìkan. Ibn Sa'd ròyìn pé ní àkọ́kọ́, ọmọ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú ni Umar ń fún ní ìpín. Ní òru ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí ọmọ kan ń ké ṣáá, nígbà tí ó sì béèrè, ìyá ọmọ náà ní òun ń fipá já a lẹ́nu ọmú nítorí pé Umar kì í fún ọmọ ọmú ní nǹkan. Umar sunkún lórí ìrun àsùbáà, ó sì pàṣẹ pé láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí ọmọ ni kí ìpín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò na ìyá náà, òfin ara rẹ̀ ni ó tún ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ní ọ́fíìsì, tí ẹ ń ti ẹni tí ó sọ òótọ́ sẹ́yìn, ẹ gbọ́ o: òfin tí kò fi àyè sílẹ̀ fún òótọ́ ń fipá já ọmọ lẹ́nu ọmú.

TA NI Ó NI OWÓ NÁÀ?

Bí owó bá dé, ọwọ́ òbí ni wọn yóò fi í lé, ṣùgbọ́n tí ọmọ ni. Súrátù Nisáì, ẹsẹ 10, kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tí ó bá jẹ dúkìá ọmọ òrukàn pẹ̀lú àbòsí. Ẹsẹ 6 sì fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún alágbàtọ́: bí ó bá lówó, kí ó mọ́wọ́ kúrò, bí ó bá jẹ́ tálákà, kí ó jẹ níbẹ̀ bí ó ti yẹ ní ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ òrukàn ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè ka owó rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí i. Àmáánà ni.

Nítorí náà, bí ìyá tí ó fi ọjà sílẹ̀ nítorí ìtọ́jú ọmọ bá ra gàrí àti epo tí òun àti ọmọ jọ jẹ, a kò rí àṣìṣe níbẹ̀. Bí ìyá bá kú, ta ni yóò tọ́jú ọmọ? Ṣùgbọ́n bí bàbá bá fi í ra àgbò Iléyá láti fi gba ìyìn ládùúgbò, tàbí ó fi í fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó, iná ni ó ń kó sí ikùn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ń gba owó náà fún ọmọ gbọ́dọ̀ máa ṣe àkọsílẹ̀ bí ó ṣe ná an. Ìwé ìdáwọ́lé kékeré kan ti tó fún èyí. Kí òbí máa bi ara rẹ̀ pé: bí ọmọ yìí bá dàgbà, tí ó ní kí n ṣírò rẹ̀ fún òun, ṣé mo lè wo ojú rẹ̀?

Ẹni tí ó ń gbé ọmọ aláàbọ̀ ara sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn láti fi pa owó, kí òun náà gbọ́. Báárà tí bàbá ọmọ wa ń sá fún nìyẹn.

BÍ ÌJỌBA KÒ BÁ DÁHÙN ŃKỌ́?

Ẹ ó ní, “Àfáà, owó ìjọba wo?” A kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ kò tíì ní owó oṣù kan pàtó tí ó ń san fún gbogbo ọmọ aláàbọ̀ ara. Ètò ₦5,000 lóṣooṣù fún àwọn ìdílé tí ó tòṣì jù bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Ní oṣù kẹwàá 2023 wọ́n kéde ₦25,000 fún oṣù 3. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024 wọ́n dá iṣẹ́ àjọ tí ó ń bójú tó o dúró láti ṣe ìwádìí. Ẹni tí ó bá ní òun yóò jókòó ti irú owó yìí yóò pẹ́ lórí ìjókòó.

Síbẹ̀, kíkọ orúkọ sílẹ̀ ní ìwúlò. Ọmọ tí kò sí nínú ìwé kò sí nínú ìṣirò, ẹni tí kò sì sí nínú ìṣirò, wọn kò lè bù fún un. Ẹ gba ìwé ìbí ọmọ lọ́dọ̀ àjọ tí ń ka ènìyàn, ẹ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún un, ẹ gba lẹ́tà dókítà ní ilé-ìwòsàn ìjọba, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi ojúlówó ìwé sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì fún ẹni tí ó ní òun yóò bá yín ti fọ́ọ̀mù síwájú ní rìbá, nítorí pé orí ọmọ ẹlòmíràn ni yóò ti i gbà.

Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá sùn, ṣé àwa náà yóò sùn ni? Ọ̀ranyàn tí ó bọ́ sí gbogbo wa lọ́rùn ni, bí àwọn kan bá ṣe é, ó ti bọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo wa ni a jẹ̀bi. Sàká ń jáde láàrin wa. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti jáde ní Pólì ní Ìlaròó àti ní yunifásítì pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Wákàtí kan lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú kálàmù yín, kí ẹ bá àwọn ìyá tí kò gbọ́ èdè òyìnbó kọ fọ́ọ̀mù wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ kọ òótọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ kún.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá ọmọ náà padà wá. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà. A gba fọ́ọ̀mù mìíràn, a sì jẹ́ kí ìyá sọ ọ́ láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ títí di ìgbà tí ilẹ̀ tún mọ́, àwa ń kọ ọ́ tẹ̀lé e. Ó kún ojú ìwé, a ní láti lẹ ìwé mìíràn mọ́ ọn. Nígbà tí a parí, ọmọ náà ní, “Àfáà, ẹ kọ ọ́ pé mo mọ Yásíìn.” Kò sí ibi tí fọ́ọ̀mù fi sílẹ̀ fún irú èyí. A kọ ọ́ sí etí ìwé.

Títí di bí a ti ń kọ èyí, ọ́fíìsì náà kò tíì dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n káfíńtà kan nínú jámáà wa ti kan igi ìdìmú láti ẹnu ọ̀nà ilé-kéwú dé ibi tí a ń ṣe àlùwàlá, àwọn ọ̀dọ́ sì ti fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹnu àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí. Bàbá rẹ̀ wá sílé ní ìgbà Iléyá, ó dúró, ó ń wò ó bí ó ti ń di igi náà mú lọ, kò sì sọ̀rọ̀ báárà mọ́. Ó ní kí a ka ohun tí a kọ sínú fọ́ọ̀mù fún òun. A kà á. Nígbà tí a dé ibi tí a kọ ọ́ sí pé ó ń rìn bí ó bá di nǹkan mú, ó ní, “Òótọ́ ni.”

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí kálàmù wa máa jẹ́rìí gbè wá, kí ó má jẹ́rìí takò wá. Kí Ó fún àwọn ọmọ wa tí ara wọn kò le ní ìlera àti àlùbáríkà, kí Ó sì jẹ́ kí wọ́n rí wa ní olóòótọ́ lórí wọn. Àámín.